Ta Ló Pẹ́, Ìyá Ọmọ Ni Tàbí Ilé Ìwòsàn?

Àlàyé tí àwọn aláṣẹ ìlera ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí iṣẹ́ abẹ ọkàn àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n tún sún síwájú kò tẹ́ wa lọ́rùn. Wọ́n ní àwọn òbí kì í tètè gbé ọmọ wá. Òótọ́ ni pé ìdádúró ń ba nǹkan jẹ́: bí ihò ńlá bá wà láàárín yàrá méjèèjì ìsàlẹ̀ ọkàn, ẹ̀jẹ̀ á máa ya lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró ju bó ṣe yẹ lọ, títí àwọn iṣan ibẹ̀ yóò fi le, tí dídí ihò náà yóò sì wá di ewu fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni ọmọ náà wà lọ́jọ́ tí wọ́n bí i? Nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n, wọ́n gé ìwọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní kí ìyá rẹ̀ máa gbé e lọ sílé ní Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí Mushin, láìsí ẹni tó yẹ ọkàn rẹ̀ wò.

Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ti ń béèrè láti ọjọ́ pípẹ́ kò tíì yí padà. Nígbà tí ọmọ bá ti pé wákàtí 24, kí wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré tí ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Kò ní abẹ́rẹ́ nínú, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì ń gbà. Bí iye náà kò bá tó 90 nínú 100, kí dókítà rí i lójú ẹsẹ̀. Amẹ́ríkà ti dámọ̀ràn àyẹ̀wò yìí fún gbogbo ọmọ tuntun láti ọdún 2011. Àwa ló sì yẹ ká kánjú jù wọ́n lọ, nítorí àwọ̀ aró tí àìtó ọ́síjìn ń fà kì í tètè hàn lára awọ dúdú.

Ẹ̀rọ náà kì í rí gbogbo àbùkù. Irú ihò tí a mẹ́nu bà lókè lè bọ́ mọ́ ọn lójú, nítorí náà kí wọ́n tún gbọ́ àyà ọmọ nígbà àjẹsára ọ̀sẹ̀ 6, kí wọ́n sì bi ìyá rẹ̀ bóyá ó máa ń làágùn tó bá ń mu ọmú, bóyá ó máa ń já ọmú sílẹ̀ kó lè mí. Àwọn abiyamọ tó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ kùtùkùtù, tí ẹnikẹ́ni kò bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí, ni wọ́n wá ń pè ní ẹni tó pẹ́. Ó tó gẹ́ẹ́!

Kí ìjọba ìpínlẹ̀ pàṣẹ àyẹ̀wò yìí ní gbogbo ilé ìgbẹ̀bí rẹ̀, kí Ìlera Èkó, ètò ìbánigbófò ìlera ìpínlẹ̀ náà, máa san owó iṣẹ́ abẹ náà, kí wọ́n sì sọ fún àwọn òbí tó ń dúró, ní ọ̀sẹ̀ yìí, ọjọ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.