Ọ̀rọ̀ Ògiri Tó Lanu

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Aláǹgbá la sábà máa ń bú bí a bá ti pa òwe yìí tán. Lónìí, ẹ jẹ́ ká yẹ ògiri wò.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1905, Lord Curzon, aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà, la ẹkùn Bengal sí méjì. Ó ní ẹkùn náà ti tóbi jù, pé nǹkan bí 78 mílíọ̀nù ènìyàn ti pọ̀ jù fún gómìnà kan ṣoṣo. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ títóbi nìkan ni, kí ló dé tí wọn kò yọ Bihar àti Orissa kúrò, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè mìíràn? Ọdún 1912 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí ṣe ìyẹn! Herbert Risley, akọ̀wé ìjọba, ti kọ ohun tó wà nínú wọn sílẹ̀ ní 1904: agbára ni Bengal tó wà ní ọ̀kan, bí a bá pín in, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọn yóò máa fà.

Níbo wá ni ògiri ti lanu? Ní ìlà-oòrùn, Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú àwọn àgbẹ̀. Ẹlẹ́sìn Híńdù ló pọ̀ jù nínú àwọn onílẹ̀ tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ onílẹ̀ ọ̀hún, Calcutta, ìlú ńlá tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Bengal, ni wọ́n ń gbé, tí wọ́n ń jẹun oko tí wọn kì í dé. Nígbà tí Curzon dé Dhaka, ìlú kan ní ìlà-oòrùn náà, tó ń ṣèlérí fún àwọn Mùsùlùmí, etí tó ti ń wá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló bá pàdé.

Calcutta fárígá. Wọ́n so òwú mọ́ra wọn lọ́wọ́ láti fi hàn pé ọ̀kan ni wọ́n, wọ́n dáná sun aṣọ òyìnbó. Ó wú mi lórí, n kò ní purọ́. Àmọ́ ta ló bi àgbẹ̀ tí aṣọ ìbílẹ̀ wọ́n jù fún léèrè, kí wọ́n tó máa dí i lọ́nà lọ́jà kó má bàa ra ti òyìnbó?

Ọba George Karùn-ún pa ìpín náà rẹ́ ní 1911. Aláǹgbá jáde, kò sẹ́ni tó po amọ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1947, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń múra láti fi Íńdíà sílẹ̀, Curzon ti kú tipẹ́. Àwọn aṣòfin Bengal fúnra wọn, láti apá ibi tí Híńdù ti pọ̀ jù, ló dìbò pé kí wọ́n la ilẹ̀ náà sí méjì.