Ẹ yéé kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ pé f/22 lè ṣe iṣẹ́ fílítà ND

Sátidé tó kọjá, a lọ ya fọ́tò níbi ìsọmọlórúkọ kan n'Íbàdàn. Pásítọ̀ ò tíì dé, a jókòó sábẹ́ kánópì, ni ọmọ iṣẹ́ ẹgbẹ́ mi kan bá rí fọ́tò kan lórí fóònù mi: òkun lọ́sàn-án gangan, omi rẹ̀ rí bí èéfín, òkúta dúró gbagidi láàárín. Ó ní, "Bọ̀dá, báwo lẹ ṣe ṣe èyí?" Kí n tó lanu, ọ̀gá rẹ̀ ti gbà á lẹ́nu mi: "Ti ojú lẹ́ǹsì ẹ pa dé f/22, gbé ISO wá sí 100, ó parí. Àwọn tó ń ta fílítà ND kàn ń fi gíláàsì dúdú jẹ owó wa ni."

Ọmọ náà mi orí, ó kọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀.

Mi ò lè bá ọ̀gá jiyàn níwájú ọmọ iṣẹ́ ẹ̀, mo bá gbé e mì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ó tó ìgbà mẹ́rin tí mo ti gbọ́ ọ lọ́dún yìí nìkan, ẹnu àwọn tó mọṣẹ́ ló sì ti ń jáde. Fílítà ND ni gíláàsì dúdú tí wọ́n ń de mọ́ ẹnu lẹ́ǹsì kí ìmọ́lẹ̀ lè dín. Nọ́ńbà f ń sọ bí ojú lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó: bó bá ṣe ń ga sí i ni ojú náà ń kéré sí i. ISO ń sọ bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó. Kí omi òkun tó rí bí èéfín, ṣọ́tà, ìyẹn ìlẹ̀kùn tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọ kámẹ́rà, gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ sẹ́kọ́ǹdì; bí ìmọ́lẹ̀ ò bá sì dín, fọ́tò á funfun báláú. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀.

Òfin kan wà tí àwọn onífọ́tò ayé fíìmù fi ń jẹun, Sunny 16 ni wọ́n ń pè é. Bí oòrùn bá ràn dáadáa, ẹ lo f/16, kí ṣọ́tà yín sì jẹ́ ìdá kan lórí ISO. ISO 100, ṣọ́tà 1/100 sẹ́kọ́ǹdì. Òfin yìí ò béèrè irú kámẹ́rà tẹ́ ẹ gbé dání, torí oòrùn kan náà ló ń ràn lé gbogbo wa lórí. Láti f/16 dé f/22, stop kan péré ni. Ìmọ́lẹ̀ dín sí ìdajì, ṣọ́tà di 1/50. Kí èèyàn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan gan-an pẹ́ ju ìyẹn lọ.

Ẹ lè ní kámẹ́rà yín ń sọ̀kalẹ̀ dé ISO 50. Ó dáa, 1/25. Lẹ́ǹsì yín tún lè dé f/32? Bíi 1/12 nìyẹn. A ti gbọn àpò wa yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, a ò tíì rí sẹ́kọ́ǹdì kan ṣoṣo níbẹ̀. Fọ́tò tí ọmọ yẹn ń wò, sẹ́kọ́ǹdì 41 ni.

Báwo ni fílítà ṣe ń gbé e débẹ̀? Stop kọ̀ọ̀kan ń pín ìmọ́lẹ̀ sí méjì. Ẹ mú 1,024 náírà, ẹ pín in sí méjì, kí ẹ tún pín èyí tó kù sí méjì, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Náírà kan ló máa kù lọ́wọ́ yín. Ohun tí fílítà stop 10, èyí tí wọ́n máa ń kọ ND1000 sí lára, ń fi ojú ìmọ́lẹ̀ rí nìyẹn. Ṣọ́tà tó yẹ kó jẹ́ 1/200 ní f/11 di sẹ́kọ́ǹdì 5. Ẹ gbé fílítà stop 3 lé e lórí, ó di 41. Ojú lẹ́ǹsì ò sì kúrò ní f/11 tó wà.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé inú ìwé ni mo ti kà á, mo gbé ẹsẹ̀ mi lọ dán an wò ní Tarkwa Bay, etíkun kan l'Ékòó. Aago kan ọ̀sán, kò sí ìkùukùu kankan lójú ọ̀run. Mo gbé tráípọ́ọ̀dù kalẹ̀ nítòsí àwọn òkúta ràbàtà tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà èbúté. Fọ́tò àkọ́kọ́, f/22, ISO 100, mítà kámẹ́rà fún mi ní 1/50, bí ìṣirò ṣe wí gẹ́lẹ́. Ìgbì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ lára òkúta lásìkò náà. Nínú fọ́tò, ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan ṣeé kà lójú afẹ́fẹ́, ìrù kékeré kan kàn wà nídìí wọn. Kò jọ èéfín, omi tó dúró sójú kan náà kọ́. Ó dà bíi fọ́tò tí ọwọ́ ẹni tó yà á gbọ̀n.

Mo wá de fílítà méjèèjì mọ́ ọn, mo tẹ̀ ẹ́, mo káwọ́ gbera. Ọkùnrin kan kọjá níwájú lẹ́ǹsì mi, ó rìn lọ, ó tún rìn padà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àbí kámẹ́rà yín ti kú ni?" Mo ní kó dúró wò ó. Nígbà tí fọ́tò hàn, òkun ti di ìkùukùu funfun, òun fúnra ẹ̀ ò sì sí nínú ẹ̀ rárá. Ó wò ó, ó wo ara ẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

(Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Daguerre, ará Faransé tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ya fọ́tò láyé, náà nìyẹn. Lọ́dún 1838, ó ya òpópónà Boulevard du Temple ní Paris láàárọ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin ń lọ, èrò ń bọ̀, kò sí ìkankan nínú fọ́tò. Ọkùnrin kan tó dúró kí wọ́n bá òun dán bàtà ni èèyàn tó hàn gbangba níbẹ̀. Ẹnì kan á sọ pé Daguerre ò lo fílítà. Kò nílò ẹ̀! Àwo fàdákà ayé ìgbà yẹn ò tètè gba ìmọ́lẹ̀, ó lè gbà á tó ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Sẹ́ńsọ̀ tiwa, ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà òde òní, ò mọ sùúrù.)

Ohun tó tún ń bí mi nínú nípa f/22 yìí ni pé ó ń ba fọ́tò jẹ́. Mo gbé àwọn fọ́tò Tarkwa Bay sórí kọ̀ǹpútà, mo sún wọn mọ́ra. Àwọn karawun wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ kan lẹ̀ mọ́ òkúta níbi tí omi ń dé. Nínú fọ́tò f/11, ẹnu karawun kọ̀ọ̀kan là sílẹ̀, èèyàn lè kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú fọ́tò f/22, wọ́n ti di ẹ̀kọ. Kámẹ́rà kan náà, lẹ́ǹsì kan náà, mi ò fọwọ́ kan fókọ́ọ̀sì. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ihò tóóró kọjá máa ń fọ́n ká ni. Ní f/22, ibi tó yẹ kí ìmọ́lẹ̀ ti jẹ́ ojú abẹ́rẹ́, ó máa ń fẹ̀ tó bíi máíkírọ́nù 29 (ẹgbẹ̀rún máíkírọ́nù ló wà nínú mìlímítà kan) lórí sẹ́ńsọ̀; bẹ́ẹ̀, píksẹ̀lì kan, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn àmì tín-ín-tín tó para pọ̀ di fọ́tò, nínú kámẹ́rà mi, tó jẹ́ mẹ́gápíksẹ̀lì 24, ò ju bíi 4 lọ. Ojú abẹ́rẹ́ kan jókòó lé píksẹ̀lì méje ní fífẹ̀! Kò sí lẹ́ǹsì olówó gọbọi kankan tó bọ́ nínú ẹ̀.

Ti eruku ńkọ́? Ẹni tó bá ti pààrọ̀ lẹ́ǹsì níta nígbà ọyẹ́ mọ ohun tí mò ń wí. Ní f/8, eruku orí sẹ́ńsọ̀ lè má hàn rárá. Ẹ ti ojú lẹ́ǹsì pa dé f/22, kí ẹ wo ojú ọ̀run. Mo ka àmì dúdú 43 nínú fọ́tò kan ní oṣù Kìíní, bí ìgbà tí eṣinṣin yàgbẹ́ sára ògiri funfun, mo sì fi alẹ́ ọjọ́ yẹn nù wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo mọ èsì wọn. "Èmi ti ṣe é rí ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà." Bẹ́ẹ̀ ni, lábẹ́ igi. Ibi tí igbó ti ṣíji bo omi Olúmirin, ìmọ́lẹ̀ lè fi bíi stop 4 dín sí ti ìta gbangba, f/22 á sì fún yín ní bíi ìdá kan nínú mẹ́ta sẹ́kọ́ǹdì. Omi tó ń já ṣòòròṣò láti òkè ò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó rí bí òwú. Ẹ kú iṣẹ́. Ibòji kọ́ là ń pè ní ọ̀sán gangan.

Pé àwọn tó ń ta fílítà ń jẹ owó wa, ìyẹn ò jìnnà sóòótọ́. Èmi náà ti kó sí i. Mo ra irú èyí tí wọ́n máa ń fọwọ́ yí kó lè dúdú sí i, pólárásà méjì, irú gíláàsì kan tó ń sẹ́ ìmọ́lẹ̀, ni wọ́n gbé lé ara wọn. Mo yí i dé òpin, àgbélébùú dúdú ràgàjì kan yọ sójú ọ̀run. Ẹ ra èyí tí kì í yí. Ẹni tówó ẹ̀ ò bá tó o, kó lọ bá àwọn wẹ́dà, kó ra gíláàsì nọ́ńbà 10 tí wọ́n ń fi bojú, kó fi rọ́bà dè é mọ́ ẹnu lẹ́ǹsì. Mo lò ó fún oṣù mẹ́fà. Gbogbo nǹkan á dúdú dáadáa, á sì tún ní àwọ̀ ewé tútù yọ̀yọ̀ bí ewédú, mo bá ń sọ gbogbo fọ́tò mi di dúdú-àti-funfun, mo ní àrà mi ni. Kẹ́ ẹ sì ti mú fókọ́ọ̀sì yín kẹ́ ẹ tó de gíláàsì, torí kámẹ́rà ò ní ríran mọ́ lẹ́yìn náà.

Mo gbà, tipátipá, pé èèyàn lè ya fọ́tò ọgọ́rùn-ún léraléra kó sì fi kọ̀ǹpútà pò wọ́n di ọ̀kan. Fóònù ń ṣe irú ẹ̀, ó sì máa ń dáa nígbà míì. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀gá yẹn sọ kọ́ nìyẹn. F/22 ló sọ.

Àná ni ọmọ iṣẹ́ yẹn pè mí. Ó ti lọ sí odò Ẹlẹ́yẹlé lọ́sàn-án, ó ti ṣe gbogbo ohun tó kọ sínú fóònù, omi kọ̀ kò di èéfín. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ bọ̀dá, àbí lẹ́ǹsì mi ni ò dáa?" Ó ti ń wá ẹni tó máa bá a tà á. Mo ní kó fi lẹ́ǹsì ẹ̀ sílẹ̀, kó wá gba fílítà mi lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, kó má sì sọ fún ọ̀gá ẹ̀.