Àtúnṣe: Kì í ṣe gbogbo òróró ló ń gbẹ lára igi

Ẹ̀gbọ́n wa kan kọ ọ́ pé òróró èyíkéyìí tó bá ti ara ewéko wá, ì báà ṣe epo pupa tàbí àdín, ló dára láti fi pa bírò onígi. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Òróró linseed, ìyẹn òróró tí wọ́n ń fún láti ara hóró ewéko flax, máa ń gba ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ títí yóò fi le, ṣùgbọ́n àdín kì í gbẹ. Mo fi àdín pa bírò kan tí wọ́n fi igi apá ṣe rí níhìn-ín l'Ọ́yọ̀ọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ṣì ń yọ̀ lọ́wọ́, eruku ọyẹ́ sì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Linseed ni kí ẹ lò, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì tẹ́ àkísà tí ẹ fi nù ún síta gbalaja, nítorí bí ẹ bá ká a jọ, ó lè gbóná títí yóò fi gbiná fúnra rẹ̀.