Má Gbé Ìṣirò Alágbàká Lọ sí Leeds

Àbúrò, máa jẹ àsun tó wà níwájú ẹ, ṣùgbọ́n dẹtí sí mi. Wọ́n ní o fẹ́ gba pọ́ọ̀bù, ilé ọtí àwọn òyìnbó, ní Leeds ní England. O kú oríire. Àmọ́ kó o tó fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye kankan sára pátákó, gbàgbé bá a ṣe ń ta ọtí ní Àkúrẹ́ níbí. Gbàgbé Alágbàká. Gbàgbé ìyá alọ́tí Òkè Àró tó máa ń wo bàtà ẹni kó tó dá iye lé ọtí.

Níbí, ìgò ló ń bá èèyàn ṣírò. Kéréètì kan, ìgò ńlá 12. O rà á, o fi 12 pín in, o bu èrè lé e, ó parí. Ìgò ní ìdérí. Kì í jò, kì í hó dànù, ẹnikẹ́ni ò sì lè bá ọ jà pé o ò bù ú kún. Bí ìgò kan bá dàwátì, ọ̀rẹ́kùnrin ọmọ tó ń gbé ọtí ló mu ún, o sì mọ ilé ẹ̀. Ní Leeds, kẹ́ẹ̀gì irin ló wà nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, páìpù ló ń fa ọtí gòkè wá sí káńtà, ibẹ̀ gan-an ni owó sì ti ń jò.

Wọ́n kọ ọ́ sára kẹ́ẹ̀gì pé lítà 50. Páìntì kan jẹ́ mìlílítà 568, torí náà páìntì 88 ló wà nínú ẹ̀. Ìwọ náà á wá mú bírò, wàá fi 88 pín owó tó o fi rà á, wàá rẹ́rìn-ín. Má tíì rẹ́rìn-ín. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ lo gbọ́dọ̀ fọ páìpù, torí ìwúkàrà àti ìdọ̀tí máa ń lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀, ọtí á sì máa rùn bí aṣọ tí wọ́n ká nígbà tí kò tíì gbẹ. Gbogbo ọtí tó bá wà nínú páìpù lọ́jọ́ ìfọ̀, gọ́tà ló ń lọ. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà láàárín 11°C sí 13°C. Bó bá ti gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọtí á kàn máa hó ni. Ọmọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ á gbé ife dúró ṣánṣán sábẹ́ ẹ̀rọ dípò kó dẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ìdajì ife á di fóòmù, á dà á nù, á tún fa òmíràn, fóòmù náà ni. Nígbà tó máa fi rí páìntì kan gbé fún oníbàárà, ó ti da kan sínú àwo abẹ́ ẹ̀rọ. Èyí tó wà nínú àwo yẹn, má dà á padà sínú ife ẹnikẹ́ni o. Mo mọ̀ ẹ́, mo mọ ilé tí wọ́n ti tọ́ ẹ, ẹ kì í da nǹkan nù. Dà á nù.

Ibi kan tún wà. Ní Yorkshire lọ́hùn-ún, wọ́n fẹ́ràn kí fóòmù funfun bo orí bitter wọn, ìyẹn bíà wọn tó máa ń korò díẹ̀, ẹnu kékeré kan tí wọ́n ń pè ní sparkler ni wọ́n ń fi sẹ́nu ẹ̀rọ kó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní kó o fi kún òun, wàá fi kún un, o ò ní bínú. Gbogbo ìfikún yẹn, inú kẹ́ẹ̀gì kan náà ló ti ń jáde, kò sì wọ inú ẹ̀rọ owó. Bó o bá ṣe é dáadáa, kó o fọkàn sí 84 nínú 88. Bó ò bá ṣe é dáadáa, má jẹ́ ká sọ ọ́ níwájú ẹran.

Ká ní wọ́n ń ta kẹ́ẹ̀gì kan fún ọ ní £150, láìtíì ka VAT, owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ọjà. 88 á sọ fún ọ pé £1.70 ni páìntì kan. 84 á sọ pé £1.79 ni. Ẹni tó ń jẹ́ 84 yẹn ni kó o fi ṣọ̀rẹ́.

Wàyí o, ibi tí àwọn ará ilé wa máa ń jìn sí rèé. Wọ́n á ní, "Mo rà á ní £1.70, mo tà á ní £3.40, owó mi ti di méjì." Di méjì níbo? Ìjọba ti jókòó sínú £3.40 yẹn kó o tó débẹ̀. VAT wọn jẹ́ 20 nínú ọgọ́rùn-ún, inú iye ara pátákó ló sì máa ń wà, o ò lè ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bù ú lé e nígbà tí oníbàárà bá na owó. Ọ̀nà tó yá jù láti mọ̀ ọ́n ni kó o fi 6 pín iye ara pátákó, ìdá kan nínú mẹ́fà yẹn kì í ṣe tìẹ, ò ń bá wọn tọ́jú ẹ̀ ni. Nínú £3.40, 57p ti lọ. Ó ku £2.83. Yọ £1.79 owó ọtí. £1.04 ló ṣẹ́ kù sí ọ lọ́wọ́. Inú £1.04 yẹn lo ti máa sanwó òṣìṣẹ́, owó ilé, owó ìjọba ìbílẹ̀, owó láìsẹ́ǹsì, owó tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n fi ń wo bọ́ọ̀lù, àti iná tó ń mú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tutù tọ̀sán-tòru. Iná kì í lọ níbẹ̀ bíi tibí, bíìlì ẹ̀ náà kì í sì lọ. Ìwọ fúnra ẹ ńkọ́? Wàá fọwọ́ lẹ́rán.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ká ní èrè tó ò ń lé jẹ́ 60 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn tí VAT bá ti jáde. A jẹ́ pé owó ọtí fúnra ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 40 lọ. Fi 0.4 pín £1.79, ó di £4.48. Fi 1.2 sọ ọ́ di púpọ̀ kí VAT lè ráàyè wọlé, ó di £5.37. Kọ £5.40. Kà á padà sẹ́yìn kó o rí i: VAT 90p, ó ku £4.50, yọ £1.79, £2.71 ló kù. Ọgọ́ta pé. Bó o bá fi 88 ṣe é dípò 84, bíi £5.11 lo máa rí, wàá sì máa fi nǹkan bíi 25p tọrẹ lórí páìntì kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ.

Ó dáa, o ti gbé £5.40 dání. Jáde nílé. Lọ sí pọ́ọ̀bù mẹ́rin tó yí ọ ká, ra ìdajì páìntì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, má wakọ̀ lọ, kó o sì wo iye nǹkan mẹ́ta: láágà tó rọjú jù, bitter, àti Guinness. Àwọn mẹ́ta yìí ni oníbàárà mọ̀ lórí. Kò mọ iye tonic, omi gáàsì tí wọ́n ń lú mọ́ jíìnì. Kò mọ iye tó fi mu fódíkà lánàá. Ṣùgbọ́n láágà? Ó mọ iye ẹ̀ ju ọjọ́ ìbí ìyàwó ẹ̀ lọ. Bí tàwọn aládùúgbò bá wà ní £4.60, gbé tìẹ náà sí £4.60 kó o sì gbé ẹ̀dùn ọkàn ẹ mì. Èrè ẹ á wálẹ̀ sí 53. Kò burú. Ibòmíràn la ti máa gbà á padà.

Ibòmíràn náà ni jíìnì. Ìgò sẹ̀ǹtílítà 70, bó o bá ń fi ìwọ̀n mìlílítà 25 bù ú, ìwọ̀n 28 ni. Ká ní £18 lo rà á láìka VAT, 64p ni ìwọ̀n kan. Tà á ní £3.60: VAT 60p, ó ku £3, èrè £2.36. Ìyẹn ti kọjá 78 nínú ọgọ́rùn-ún, tonic ò sì tíì wọ̀ ọ́. Dá iye tonic kọ lọ́tọ̀, má fi ṣe jàrá. Òfin ní mìlílítà 25 tàbí 35 ni kó o máa fi ta jíìnì, rọ́ọ̀mù, fódíkà àti wisikí, kó o sì lẹ èyí tó o mú mọ́ ibi tí gbogbo ayé á ti rí i. Bó o bá mú 35, ìwọ̀n 20 péré ló wà nínú ìgò, iye gbọ́dọ̀ yí padà. Ife ìwọ̀n ni kó o fi bù ú o. Àwọn ọmọ wa tó máa ń fi ojú wọn ọtí, tí wọ́n á ní "ẹ jẹ́ n ṣe yín dáadáa", ìgò kan lọ́wọ́ wọn ò lè kọjá ẹni 22. Oníbàárà á fẹ́ràn wọn gan-an. Kí ló máa ṣe é tí kò ní fẹ́ràn wọn?

Wáìnì ò le. Ìgò sẹ̀ǹtílítà 75 jẹ́ ife mẹ́fà ní mìlílítà 125, mẹ́ta ní 250. Bó o bá ń ta 175, ife mẹ́rin, ó ku ẹ̀kún ẹnu kan tó máa kan lórí káńtà. Ṣí ìgò díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí o ò ní gbàgbọ́ ni pé òyìnbó kì í ná ọjà. Má retí "ẹ dín in díẹ̀." O kọ £5.90, ó san £5.90, ó ní "cheers", ó mu ún tán, ó gbé ife padà wá sórí káńtà tìwà-tìwà, kò sì padà wá mọ́ láéláé. Bí wọ́n ṣe ń ná ọjà níbẹ̀ nìyẹn. Ní Ọjà Ọba, ẹni tó bá ń bá ọ jà lórí owó fẹ́ rà. Ní Leeds, ẹni tó bá dákẹ́ ni kó o máa wò.

Gbogbo ìṣirò yìí dúró lórí ohun tó wà nínú ìwé tó o fẹ́ fọwọ́ sí: ṣé tied ni ilé náà àbí free of tie, tí o lè ra ọtí níbi tó wù ọ́? Bó bá jẹ́ tied, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ni ilé lo gbọ́dọ̀ ti máa ra bíà, iye tí wọ́n bá sì pè é lo máa san, ó sábà máa ń ga ju ti ọjà ìta lọ. Rẹ́ǹtì lè dà bí èyí tó rọjú, kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n á ti gbà á. Gba ìwé iye ọtí wọn kó o tó fọwọ́ sí nǹkan kan, kó o sì fi £150 tá à ń wí yẹn wé e. Àwọn kan ń so mítà mọ́ páìpù, torí náà má rò pé wàá gba ẹ̀yìn gbé kẹ́ẹ̀gì mìíràn wọlé lóru. Kó o sì béèrè bóyá o lè ta Trophy àti Gulder nínú ìgò fún àwọn ọmọ ilé, torí ìwé kan lè ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Òfin kan tí wọ́n ń pè ní Pubs Code ti 2016 wà ní England àti Wales fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní 500 pọ́ọ̀bù tied tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lábẹ́ ẹ̀, àwọn ìgbà kan wà tí o lè ní rẹ́ǹtì nìkan lo fẹ́ máa san. Gba lọ́yà tó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Kóòtù Àkúrẹ́ kọ́.

Lọ́jọ́ tó o bá gba kọ́kọ́rọ́, wọ́n á ka ọtí tó wà nílẹ̀, wàá sì rà á. Wo déètì ara kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti kọjá àkókò ẹ̀, má sanwó ẹ̀. Gba àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ̀rọ owó tà fún oṣù bíi mẹ́fà. Ọtí kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ta páìntì mẹ́wàá ẹ̀ lọ́sẹ̀. Ìyẹn ń bàjẹ́ nínú páìpù, yọ ọ́. Cask náà ńkọ́, àgbá bíà tí ìwúkàrà ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀? Èyí tó jẹ́ gálọ̀nù 9, páìntì 72 ni, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ẹ̀ ò ṣeé tà, bó o bá sì ti ṣí i, ọjọ́ mẹ́ta lo ní. Bó ò bá lè tà á tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta, má ní oríṣi mẹ́rin tórí pé ó wuni lójú.

Má yí iye kankan padà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Bàbá kan wà ní gbogbo pọ́ọ̀bù, ìdúró ẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀ káńtà, ó ti ń mu bitter níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹ. Á na ọwọ́, á ka ṣéńjì ní méjì-méjì lórí àtẹ́lẹwọ́. Bó bá rí i pé ó fi 20p dín, kò ní sọ fún ọ. Á sọ fún gbogbo àdúgbò. Dúró kí ilé-iṣẹ́ ọtí fi owó lé e tàbí kí ìjọba ka bọ́jẹ́ẹ̀tì, gbogbo ayé á ti máa retí ẹ̀ nígbà yẹn. Ìgbà yẹn ni kó o sún iye sókè, 10p tàbí 20p, fódíkà àti kóòkì kọ́kọ́, bitter bàbá gbẹ̀yìn. Kó o sì yí bọ́tìnì ẹ̀rọ owó padà lálẹ́ kan náà tó o pààrọ̀ pátákó, torí bí pátákó bá sọ £4.60 tí ẹ̀rọ sọ £4.80, olè ni wọ́n á pè ọ́. Má sì ṣe "gbogbo ọtí £3" láti fi ṣí ilé. Ọjọ́ tó o bá dá a padà sí £4.60, ọ̀wọ́n ni wọ́n á ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ di.

Òfin England ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ọtí lábẹ́ owó orí ẹ̀ àti VAT ẹ̀, kò sì fẹ́ "mu títí tó o fi yó, iye kan náà." Ní Scotland, yúníìtì ọtí kọ̀ọ̀kan (mìlílítà 10 ògidì ọtí) kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju 65p lọ láti oṣù September 2024, páìntì láágà tó jẹ́ 4 nínú ọgọ́rùn-ún á jẹ́ bíi £1.48 ó kéré tán. Ìyẹn ò kàn ẹ́. Ẹni tó bá ń ta páìntì ní £1.48 ń ṣe sàráà.

Ó wá ku àwa. Ẹgbẹ́ ọmọ Àkúrẹ́ á gbọ́ pé o ní pọ́ọ̀bù, wọ́n á gbé ìpàdé wá síbẹ̀ lọ́jọ́ Sunday. Èèyàn 30, jọ̀lọ́ọ̀fù tiwọn, malt nínú kúlà tiwọn, ẹnì kan á ra kóòkì kan, wọ́n á béèrè ife mẹ́sàn-án. Bu owó yàrá fún wọn kó tó di ọjọ́ náà, lórí ìwé, kó o sì bu owó kúlà lọ́tọ̀ ní iye orí. Ta àsun fún wọn, àsun tó ta dáadáa, torí ata ló ń ta láágà. Bí alága bá wá fà ẹ́ sí kọ̀rọ̀ pé kí ni ọ̀fẹ́ tó wà fún ará ilé, fún un lómi ẹ̀rọ. Òfin ti sọ pé ọ̀fẹ́ ni.