Ẹ Wá Wo Èèrí Nínú Abọ́ Funfun

Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin ará Abuja. A ti dé ibi tí èèyàn ń ya fọ́tò èèrí ara ẹ̀ tó dẹ̀ ń gbé e sórí státọ́ọ̀sì láàárọ̀ Sátidé. Mo ṣí fóònù kí n fi wò bóyá ẹni tó jẹ mí lówó ti yọjú, kí ni mo bá pàdé? Abọ́ funfun báyìí, wọ́n kó èèrí sínú ẹ̀, ó ká roboto, àfi bíi kùlíkùlí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dín. Àbúrò ìyàwó mi ló ni èèrí, wọ́n bá a ha á kúrò lára ní spa, ibi tí wọ́n ti ń gbowó bá èèyàn bó ara. Ó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "New skin loading", ó fi adé kan tì í.

Mo gbóríyìn fún un o. Èèrí yẹn lẹ́wà. Ẹni tó tò ó mọ iṣẹ́, ó kó wẹ́ẹ́rẹ́ sápá ọ̀tún, ó kó ńlá sápá òsì, ó tiẹ̀ fi ewé mint kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ewé mint ń wá níbẹ̀? Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́? Mo fẹ fọ́tò yẹn lójú, mo tún fẹ̀ ẹ́, bóyá n ó rí ọsàn wẹ́wẹ́ àti ìgò wáìnì lẹ́yìn. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń fi ọkàn pupa ránṣẹ́ sí èèrí. Ẹnì kan bèèrè ibi tí wọ́n ti bá a ṣe é, ó ní Wuse 2 ni. Òmíì ní tòun pọ̀ jù báyẹn lọ nígbà tóun ṣe é ní Gwarinpa. Wọ́n ti ń fi èèrí figagbága! Láìpẹ́ a máa gbọ́ pé èèrí ará Maitama wúwo ju ti ará Nyanya lọ, wọ́n á dẹ̀ fún un lámì ẹ̀yẹ.

Kò burú, owó wọn ni. Iye tó san, mi ò ní sọ ọ́ torí ìyàwó mi máa ka ibí yìí, àmọ́ owó yẹn á ra omi lọ́wọ́ mai ruwa tí n ó fi wẹ̀ títí di iléyá. Ẹ dẹ̀ mọ bí ọ̀rọ̀ omi ṣe rí ní Kubwa. Ẹ̀rọ omi ilé wa bàjẹ́, lándílọ́ọ̀dù ní òun ń bọ̀ wá tún un ṣe, òun ń bọ̀, òun ń bọ̀, owó omi nìkan ni kì í pẹ́ kó tó wá gbà. Mai ruwa tó ń ti ọmọlanke kiri ti wá mọ orúkọ àwọn ọmọ mi ju lándílọ́ọ̀dù lọ.

N'Ílọrin tí wọ́n ti tọ́ wa, kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ dúdú ni, ìyá wa á di etí ẹ mú, á ha ọrùn ẹ títí wàá fi pe orúkọ bàbá ẹ. Èèrí ń já bọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbé abọ́ sábẹ́ ẹ̀.

Ohun tó wá bí mi nínú gan-an nìyí: wọ́n bó o tán, ó tún ní kí wọ́n da ògùn apakòkòrò somi ìfiṣanra, ó ní òun ò fẹ́ kí kòkòrò kan ṣẹ́ kù. Ṣé o tiẹ̀ mọ ẹni tó ò ń lé jáde? Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń jẹ́ Staphylococcus epidermidis, gbogbo wa la gbé e sára, kì í pariwo, kì í bèèrè owó omi. Lọ́dún 2018 ni Richard Gallo àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Fásitì California ní San Diego gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Science Advances pé oríṣi kan lára kòkòrò yìí ń ṣe nǹkan tí wọ́n ń pè ní 6-HAP, tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ rí DNA tuntun ṣe, ìyẹn ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe kó tó lè pọ̀ sí i. Wọ́n fi oríṣi yẹn ra àwọn eku kan lára, wọ́n fi èyí tí kò lè ṣe 6-HAP jáde ra àwọn yòókù, wọ́n wá tan ìtànṣán UV sí gbogbo wọn, irú èyí tó wà nínú oòrùn. Kókó sú bo àwọn tí kòkòrò tiwọn ò ní 6-HAP, ti àwọn tí kòkòrò tiwọn ní in ò tó nǹkan. Àwọn eku míì tó ti ní jẹjẹrẹ awọ ara tí wọ́n ń pè ní melanoma, wọ́n ń gún wọn ní 6-HAP ní wákàtí 48 sí 48 fún ọ̀sẹ̀ méjì, kókó tiwọn ò tó ìdajì tàwọn tí wọn ò gún.

Eku ni o, kì í ṣe àbúrò ìyàwó mi. Mi ò dẹ̀ ní kẹ́nikẹ́ni má wẹ̀, Abuja gbóná. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní oríṣi yẹn lára, èyí tí wọ́n bá dẹ̀ fọ̀ kúrò lónìí, àwọn ẹbí ẹ̀ tó sá pamọ́ sí gbòǹgbò irun á tún jáde. Ṣùgbọ́n ewo ni kó bó ara tán, kó tún lọ fi ìpara abóra lé e, kó wá dúró sóòrùn oṣù kẹta tó ń yan ẹyin lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò? Ẹ bi àwọn àfín ohun tóòrùn òkè ọya ń fojú wọn rí, jẹjẹrẹ awọ kì í ṣe àlọ́ létí tiwọn. Ìwọ tí Ọlọ́run fún ní dúdú lọ́fẹ̀ẹ́, o wá ń san owó kí wọ́n bá ẹ bó o. Ṣé orí ẹ pé? Ta ló fi ẹ́ ré?

Ó wá jẹun nílé wa lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó yọ ìpara kékeré kan nínú báàgì.

"Bọ̀dá, èyí ni wọ́n ní kí n máa fi pa á. Kòkòrò rere ló wà nínú ẹ̀."

Mo ní kòkòrò kí ni?

"Probiotic ni wọ́n ń pè é, Bọ̀dá. Ó ń dá ti ara padà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ gbogbo ẹ̀ kúrò."

Mo wojú ìyàwó mi, ìyàwó mi ń wo tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n gbowó lé kòkòrò tiẹ̀ jáde, wọ́n tún ta kòkòrò fún un padà, ó dẹ̀ ń dúpẹ́! Ó wá ní kí n bá òun fi díẹ̀ kún owó ọwọ́ òun, torí ẹni tó bá ra méjì, wọ́n á bá a bó ẹnì kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ó lóun ti fi orúkọ mi sílẹ̀.