Àtúnṣe: Oògùn HIV, eku àti ìtọ̀ ṣúgà
Ọ̀rọ̀ tí ó ń tàn kálẹ̀ pé oògùn HIV fa ìtọ̀ ṣúgà fún eku nínú ìwádìí, pé kí àwọn tí ń lò ó tètè jáwọ́, fi òótọ́ díẹ̀ bo àṣìṣe ńlá. Indinavir, ọ̀kan lára àwọn oògùn HIV àtijọ́, ni wọ́n fún àwọn eku náà. Ó ń dí ọ̀nà tí ṣúgà ń gbà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú iṣan, ṣùgbọ́n ìdíwọ́ yìí ń kásẹ̀ nílẹ̀ bí oògùn náà bá ti kúrò lára ẹranko, èyí tí àwọn tí ń pín ọ̀rọ̀ náà kò mẹ́nu bà rárá, bí ẹni pé àkọlé nìkan ni wọ́n kà. Oògùn HIV mìíràn, dolutegravir, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń dámọ̀ràn báyìí. Lóòótọ́, òun náà lè mú àwọn kan sanra, nítorí náà ó yẹ kí a máa yẹ ìwọ̀n ara àti ṣúgà wò. Ní ti jíjáwọ́, ara ènìyàn ni a ti rí àbájáde rẹ̀: nínú ìwádìí SMART, tí 5,472 ènìyàn kópa nínú rẹ̀, ikú àti àìsàn ọkàn, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ pọ̀ sí i láàárín àwọn tí ń dá oògùn dúró.