Ìdun yìí ti sú mi!

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ọ̀bùn nìkan ló ń ní ìdun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi ariwo. Ìdun ò mọ onímọ̀ọ́tótó, ẹ̀jẹ̀ ló ń wá. Inú báàgì ìrìnàjò ló ń bá wọlé. Ẹ tú ojú rírán fóòmù wò: ìgbẹ́ dúdú tó-tò-tó, ẹyin funfun tí kò ju orí píìnì lọ. Ọ̀pọ̀ oògùn tí à ń fín kì í ran ẹyin yẹn! Ìdun sì lè wà láìjẹun fún ọ̀pọ̀ oṣù. Aáyán burú o, àmọ́ ìyẹn kì í mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn lójú oorun. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bí mi nínú jù ni ẹni tó mọ̀ pé ìdun kún àga òun, tó wá gbé e tà fún ẹlòmíì. Ìkà gbáà ni!